Bí Mo Ṣe Kú sí Ilé Oúnjẹ Àárọ̀

Ìyàwó mi kì í se oúnjẹ àárọ̀, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni. Aago mẹ́fà ló ń jáde nílé, aago méje sì ni èmi ń kúrò níbi iṣẹ́ òru tèmi, hòtẹ́ẹ̀lì kan ní ìlú Des Plaines nílẹ̀ òyìnbó níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí mo ti ń gba àlejò, tí mo ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá. Bí mo bá délé, ilé á ti dákẹ́ bí ìgbà tí wọ́n kó jáde níbẹ̀. Mo gbìyànjú láti máa dín ẹyin fúnra mi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi wákàtí mẹ́jọ dúró kò yẹ kó sún mọ́ iná. Lọ́jọ́ tí oorun gbé mi lọ tí ẹyin wà lórí sítóòfù, tí aládùúgbò fi pe àwọn panápaná, ìyàwó mi ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa jẹun níta."

Bí mo ṣe di oníbàárà ilé oúnjẹ kékeré kan nìyẹn, láàárín ibi ìfọṣọ àti ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún táyà ṣe. Àga gíga mẹ́jọ ló wà níwájú káńtà, tábìlì mẹ́fà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bí bàálù bá ń balẹ̀, ife á máa gbọ̀n lórí àwo, kò sì sẹ́ni tí í gbójú sókè. Bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ará Gíríìsì ló ni ibẹ̀. Kúùkù wọn jẹ́ ará Mẹ́síkò. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ló ń gbé oúnjẹ fún wa. Irun rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ funfun, á gbé àwo mẹ́rin lé apá kan, á sì tún máa fi ọwọ́ kejì bu kọfí.

Ọdún méjì ni mo fi jẹun níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ mi. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń pe èèyàn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ìyá yìí bi mí pé báwo ni mo ṣe ń fẹ́ ẹyin mi. Ìbéèrè náà bá mi lójijì. Nílé wa, ẹyin díndín ni ẹyin díndín. Mo ní kí wọ́n dín in well-well, kí omi kankan má ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, kí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ má sì sún mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ilé ìdáná, ó pariwo: "Ẹyin méjì, Well-Well! Kò sí ẹlẹ́dẹ̀!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti di Mister Well-Well. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Búrẹ́dì Gbígbẹ. Tọkọtaya kan wà tí àwọn méjèèjì jọ ń jẹ́ Páńkéèkì Kan Fọ́ọ̀kì Méjì. Ẹni tó sì máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ará ibí tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà, Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí kì í fẹ́ kí ọbẹ̀ kan oúnjẹ òun àfi tóun bá fọwọ́ ara òun bù ú. Ọdún méjì náà, èmi pẹ̀lú rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ rí. Bí mo bá kí i, á mi orí. Bó bá fẹ́ iyọ̀, á nawọ́ kọjá níwájú mi, á mú un.

Nígbà tó ku ọjọ́ kan kí Ramadan wọlé, mo rò ó pé kò dáa kí n kàn pòórá láìdágbére. Ibi iṣẹ́ ni mo ti máa ń jẹ sààrì, nígbà tí iṣẹ́ bá sì fi parí, ààwẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ wá ṣe nílé oúnjẹ? Ìyá kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà, orúnkún ń dùn ún. Ni mo bá na ọrùn wọ ojú fèrèsé ilé ìdáná, mo sọ fún kúùkù pé láti ọ̀la lọ, I'm fasting, wọn ò ní rí mi fún ọgbọ̀n ọjọ́, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ fún ìyá. Ọ̀rá ń ta pàrà lórí irin gbígbóná, rédíò rẹ̀ ń kọrin, bàálù kan sì ń kọjá lórí wa. Fasting ni mo wí. Passing ló gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń bo ikú lójú níbí, bí àwa náà ṣe máa ń sọ pé àgbà papò dà. Gẹ̀ẹ́sì tèmi, ti Ìwó ni. Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, ti Mẹ́síkò ni. Àárín méjèèjì ni mo kú sí.

Ó pa iná. "Ọ̀la?"

"Ọ̀la tàbí ọ̀tunla. Ó dọwọ́ oṣù. Bí wọ́n bá rí oṣù lálẹ́ òní, ọ̀la nìyẹn."

"Ìyàwó rẹ mọ̀?"

"A jọ ń ṣe é ni. Bàbá mi ṣe é. Bàbá tó bí bàbá mi náà ṣe é."

"Ṣé kò ní le jù?"

"Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le," mo dá a lóhùn. "Tó bá yá, ara á fúyẹ́."

Ó ṣí fìlà lórí. Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó gbé páńkéèkì mẹ́ta tí mi ò béèrè fún wá, ó dúró tì mí títí mo fi jẹ wọ́n tán. Bí mo ṣe ń lọ sídìí mọ́tò, mo ń sọ lọ́kàn mi pé, àwọn ará Mẹ́síkò yìí mà mọyì ààwẹ̀ o.

Ramadan lọ, ọdún dé, a kírun, a jẹ, a mu. Ní ọjọ́ kẹta ọdún, mo kúrò níbi iṣẹ́, ebi ẹyin ń pa mí. Yìnyín tó ṣẹ́ kù lẹ́bàá ọ̀nà ti dúdú bí èédú. Mo ti ilẹ̀kùn, mo wọlé. Mi ò rí ìyá. Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ ló jókòó sórí àga mi, ó ń ka ìwé ìròyìn, kò tilẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́. Mo jókòó sórí àga tirẹ̀ tó ṣófo, ni mo bá gbójú sókè.

Àwòrán mi ló wà lára ògiri, lókè ẹ̀rọ kọfí. Wọ́n fi férémù dúdú sí i, wọ́n fi òdòdó oníke yí i ká, wọ́n sì da ojú ife kan délẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà Kérésì ni ìyá ya àwòrán yẹn, lọ́jọ́ tó fi tipátipá dé fìlà pupa onírun funfun sí gbogbo oníbàárà lórí. Ojú mi kan là, èkejì ń pa dé lọ. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: MISTER WELL-WELL. Ó FẸ́RÀN ẸYIN TÓ JINNÁ.

Mo kọ́kọ́ rò pé mo borí nínú ìdíje kan ni.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," mo bi Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀, "ta nìyẹn?"

Kò gbé ojú kúrò lórí ìwé ìròyìn. "Ọ̀rẹ́ mi ni. Ó ti kú."

"Ìgbà wo?"

"Oṣù tó kọjá. Kò jìyà. Ó mọ̀ pé òun ń lọ. Ó wá dágbére, ó jẹ páńkéèkì mẹ́ta, ó sì lọ sílé lọ kú."

Mi ò ní parọ́, orí mi wú. Nílẹ̀ wa, àgbà tó bá mọ ọjọ́ ikú rẹ̀, tó sì fi ìrọ̀rùn dágbére, àgbà gidi nìyẹn. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta lèmi. Mi ò mọ̀ pé mo ti dé ipò bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ máa ń sọ̀rọ̀?" mo bi í.

"Lójoojúmọ́. Ọmọ ọba ni, kì í kàn fi ṣe fáàrí. Ó ní ràkúnmí nílé."

"Ràkúnmí?"

"Mẹ́rin."

Ọgbà ẹranko nìkan ni mo ti rí ràkúnmí láyé mi. Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ wá ká ìwé ìròyìn, ó yíjú sí mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, ó wò mí láti orí dé àyà. "Ìwọ náà jọ ọ́ díẹ̀," ó ní. "Àmọ́ òun ga jù ọ́ lọ."

Ibẹ̀ ni ìyá ti jáde láti ẹ̀yìn, kọfí lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó rí mi. Ó wo àwòrán. Ó tún rí mi. Kọfí já bọ́, ìyá figbe ta, Páńkéèkì Kan Fọ́ọ̀kì Méjì sì dìde lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọkàn mi lọ sórí ìtàn àkúdàáyà tí wọ́n máa ń sọ fún wa ní kékeré: ẹni tí wọ́n sin sílé, tí ará ìlú rẹ̀ wá rí i lọ́nà jíjìn tó ń ta aṣọ. Wọ́n ní bí wọ́n bá ti dá a mọ̀, ṣe ló máa ń sá, kò gbọdọ̀ dúró. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wa ohun tí àkúdàáyà ń ṣe bí ebi bá ń pa á tí kò sì tíì jẹun. Mo jókòó.

Ìyá yí káńtà kọjá, ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan etí mi, ó gbá mi létí, ó wá dì mọ́ mi. "Ọ̀sẹ̀ méjì!" ó ń sọ sí mi léjìká. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sunkún rẹ!"

"Ẹ má bínú, Mà," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi pé torí mo wà láàyè ni mo ṣe ń tọrọ àforíjì.

Bàbá onílé oúnjẹ dìde nídìí káńtà, ó wọ awò ojú rẹ̀. Ó wo àwòrán, ó wo èmi, ó tún padà sórí àwòrán, bí òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò. "Ṣé ó dá ọ lójú?" ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Torí a ti dákẹ́ fún ọ o. Odindi ìṣẹ́jú kan. Àárọ̀ Sátidé, ilé kún fọ́fọ́, a ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Ẹyin méjìlá ló jóná."

Wọ́n pe kúùkù jáde. Kò bẹ̀rù, inú ló ń bí i. Ó ní ṣebí èmi ni mo fẹnu ara mi sọ fún òun, pé mo ní oṣù ló máa sọ ọjọ́ tí n ó lọ, pé bàbá mi lọ, bàbá bàbá mi náà lọ, pé ìyàwó mi gbà pẹ̀lú mi. Mo ní ààwẹ̀ ni mò ń sọ. Mo bi í pé ọgbọ̀n ọjọ́ tí mo dá fún un ńkọ́? Ó ní òun rò pé èdè ló dà mí láàmú, pé títí láé ni mo fẹ́ sọ.

"Ta ló ń kú fún ọgbọ̀n ọjọ́?" mo bi í.

"Ta ni kì í jẹun fún ọgbọ̀n ọjọ́?" òun náà bi mí. Ilé oúnjẹ gbè sẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, mo ní kí Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ jọ̀ọ́ dìde lórí àga mi. Ó kọ̀. Ó ní láti fi bọlá fún mi lòun ṣe jókòó síbẹ̀. Mo ní mo ti dé. Ó ní òun rí i pé mo ti dé, àmọ́ ọlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbà padà lọ́wọ́ ẹni tó bu ún. Mo jẹ ẹyin mi lórí àga tirẹ̀, àwòrán mi ń fi ojú kan ààbọ̀ wò mí látòkè. Ìyá kò jẹ́ kí n sanwó. Bàbá ní kó jẹ́ kí n san án, òkú nìkan ni kì í sanwó.

Mo ròyìn fún ìyàwó mi nígbà tó dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti ń retí kó bú sẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ẹ dúró ná. Wọ́n ṣe ìdákẹ́jẹ́ fún ọkọ mi, wọn ò pe èmi?"

"Mọ́mì, mi ò kú kẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ ò kú. Èmi opó ni mò ń béèrè. Ta ni wọ́n ń bá kẹ́dùn?"

"Ìyá tó ń gbé oúnjẹ ni, mo rò."

"Obìnrin?"

"Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún."

"Mi ò bi yín ní ọjọ́ orí."

Òun ló pe màámi ní Ìwó lórí fídíò. Màámi gbọ́ ọ títí dé òpin, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n gbé fóònù sísàlẹ̀ kóun rí i bóyá ẹsẹ̀ mi kan ilẹ̀. Mo gbé e sísàlẹ̀. Ó ní kí n bọ́ sọ́ọ̀kì. Mo bọ́ ọ. Nígbà tó ti wo ẹsẹ̀ mi tẹ́rùn, ó ní, "Ọkọ mi, ìyẹn dáa. Ta ló wá dé fìlà Kérésì sí ọ lórí?" Mo ní oníbàárà gbogbo ni wọ́n dé e fún. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ní ṣíṣe ni kí wọ́n yọ àwòrán náà kúrò, kí a sì ṣe sàráà níbi tí wọ́n ti sọ mí di òkú gan-an, kí àwọn tó dákẹ́ fún mi jẹ níbẹ̀, kí ẹnu tí wọ́n fi ní mo kú lè jẹ oúnjẹ alààyè.

Bàbá onílé oúnjẹ ní òun ò kọ sàráà, àmọ́ ìjọba ò gbà kí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé láti ìta pín fún oníbàárà. Bí a bá fẹ́ pín nǹkan, inú ilé ìdáná òun la ó ti sè é. Bí ìyàwó mi ṣe bára rẹ̀ nílé ìdáná ilé oúnjẹ àárọ̀ ní àárọ̀ Sátidé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀wà tútù, ata àti àlùbọ́sà, tó ń lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po mílíìkì dídì. Kúùkù dúró tì í, ó ká apá mọ́ àyà. Ó bi í bóyá ẹyin ni. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ẹran ni. Ó ní rárá. Nígbà tí àkàrà àkọ́kọ́ fi wú lójú òróró tí wọ́n fi ń dín pòtétò, kúùkù mú un, ó fi sẹ́nu, ó jó o lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fún àkàrà láyè lórí irin rẹ̀ láìsọ nǹkan kan.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní mọ́ṣáláṣí ló wa ọkọ̀ wá láti Calumet City láti ṣe àdúà. Apòògùn ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Ó dúró sáàárín káńtà àti tábìlì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ìyá ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Àwọn tí kò mọ nǹkan kan, tí wọ́n kàn wá jẹ páńkéèkì, dákẹ́. Ọkùnrin kan gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ dúró lágbedeméjì. Bàbá sáré lọ wo ẹyin orí iná.

Bí ẹ̀gbọ́n ṣe parí, Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ dìde. Ó yọ ìwé kan lápò, ó tú u. Ó ní òun kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún ọjọ́ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹyin tó jóná ni kò jẹ́ kóun rí i kà, òun ò sì ní sọ ọ́ nù. Ó dojú kọ mí, ó ń kà á.

"Ọmọ ọba ni."

"Àmín," ni ẹ̀gbọ́n wí. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju gbogbo wa lọ, àmọ́ ó ṣàlàyé fún mi lẹ́yìn náà pé bí wọ́n bá ń sọ ohun rere sí èèyàn lójú, àmín ni èsì rẹ̀, èèyàn kì í jiyàn.

"Ó ní ràkúnmí mẹ́rin."

"Àmín. Yóò di mẹ́jọ."

"Kò bá ẹnikẹ́ni jà rí."

"Àmín," ni ìyàwó mi wí láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, pẹ̀lú ohùn kan tí mo mọ̀.

Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Kò rọrùn kí èèyàn dúró ṣinṣin kí wọ́n máa ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ sí i létí. Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ sí. Nígbà tó parí, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ níbẹ̀, torí mi ò mọ nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe. Ìyá tún figbe ta, ó rò pé mo ti ṣubú.

Wọ́n jẹ àkàrà. Búrẹ́dì Gbígbẹ jẹ méje. Ìyá gun àpótí, ó yọ àwòrán náà fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́, ó sì gbé e lé ìyàwó mi lọ́wọ́ pẹ̀lú àpò ìwé ńlá kan. Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí i, ó ní ó ṣeun tó bá òun sunkún ọkọ òun nígbà tí òun ò mọ̀. Ìyá gbé e dìde, àwọn méjèèjì sì wá ń sunkún, mo dúró láàárín wọn pẹ̀lú àwo àkàrà.

Inú mọ́tò ni ìyàwó mi ti tú àpò ìwé náà. Káàdì ìbánikẹ́dùn ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ "Ìyáàfin Well-Well" sí. Wọn ò mọ ibi tí wọn ì bá fi í ránṣẹ́ sí. Gbogbo wọn ló kọ nǹkan sí i. Ó ń kà á fún mi bí mo ṣe ń wa ọkọ̀. Kúùkù kọ ọ́ lédè tirẹ̀, a ò gbọ́ ọ. Ti Ọbẹ̀ Lọ́tọ̀ kúrú, kò sí ọmọ ọba níbẹ̀, kò sí ràkúnmí. Ó ní ọdún méjì lòun fi jókòó ti ọkùnrin náà, òun ò sì mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí, ó sì ń dun òun. Ìyàwó mi ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ti ìyá ló kẹ́yìn. Ó ń kà á lọ́kàn títí iná ojú ọ̀nà fi yí padà.

"Kí ló kọ?" mo bi í.

"Ó ní nínú gbogbo oníbàárà òun, ẹ̀yin nìkan ni ẹ máa ń to àwo jọ bí ẹ bá jẹun tán, kí ẹ sì nu iwájú yín."

Mo tẹná mọ́ mọ́tò.

"Dádì, àwo ta ni ẹ máa ń tò jọ nílé?"

Mo ní kó jẹ́ kí n gbájú mọ́ ọ̀nà, mọ́tò pọ̀. Nígbà tí a délé, mo fọ àwo àná, mo fọ ti ìjẹta, mo sì nu gbogbo ibẹ̀ títí dé abẹ́ sítóòfù.